Èèpo Ìlà-oòrùn, Èèpo Ìwọ̀-oòrùn

Orí àjà ilé ìdáná ni ilé oògùn wa wà láyé ìgbà tí mo jẹ́ ọmọdé ní Àjàgbà, nílẹ̀ Ìkálẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ náà yóò mọ àjà tí mò ń wí. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń to púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, sí kí iná àti èéfín lè gbẹ ẹ́ dáadáa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ púpurú yẹn ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń kó èèpo igi àti egbò sí. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ a dúdú bákan náà, àlejò kò ní mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Ìyá àgbà mọ̀ ọ́n. Á mú èèpo kan, á fi ọ̀bẹ ha inú rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, awọ́pa nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ egbò, á fi ahọ́n kàn án. Èyí tó bá ta á lẹ́nu bí ẹni jẹ ata, tó sì jẹ́ kí ahọ́n kú fún ìgbà díẹ̀, orín àtà ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé adáhunṣe ni. Àgbẹ̀ ni, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń ṣe púpurú tà lọ́jọ́ ọjà. Ohun tó mọ̀ kò ju ohun tí àwọn ìyá yòókù ládùúgbò mọ̀ lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbọ́ èyí dáadáa, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ egbòogi jẹ́ awo àwọn onísègùn nìkan. Àwọn onísègùn ní tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé ibà, ewé ọgbẹ́, egbò inú rírun, èèpo tí a fi ń wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, ọ̀rọ̀ ilé ni. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọbìnrin láti rẹ ẹ̀gẹ́ ni a ń kọ́ ọ láti se àgbo.

Ilẹ̀ òjò ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Bí òjò bá ti tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọn a tẹ̀lé e, ibà a tẹ̀lé ẹ̀fọn. Ọmọ tó bá sùn lọ́sàn-án gangan tí kò béèrè oúnjẹ, ìyá àgbà á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ́rùn, á ní, "Ẹ gbé ìkòkò kaná." Ewé orúwo ni yóò kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò, èèpo awọ́pa àti èèpo ahùn á tẹ̀lé e, á tún fi ewé bò ó. Omidùn ni yóò dà sí i. Nígbà tó bá hó, wọn á gbé ọmọ náà jókòó síwájú ìkòkò, wọn á da aṣọ bò ó kí ooru lè bá a lára. Òógùn á máa sàn. Lẹ́yìn náà ni ife á dé. Èmi kò tíì rí ohun tó korò tó o láti ọjọ́ náà títí di òní. "Fi ọwọ́ di imú, kí o gbé e mì lẹ́ẹ̀kan!" Bí o bá pọ̀ ọ́, òmíràn ni wọ́n máa bù fún ọ.

Nígbà tí mo dàgbà ni mo kà á pé àwọn onímọ̀ ti yẹ èèpo awọ́pa wò ní yàrá ìwádìí, wọ́n sì rí àwọn èròjà bíi palmatine àti jatrorrhizine nínú rẹ̀, àwọn gan-an ló ń fún un ní àwọ̀ rúsúrúsú yẹn. Mo tún kà nípa Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn ló ti rí i pé omi tútù ni àwọn baba ńlá wọn fi ń rẹ ewé kan fún ibà, pé ńṣe ni wọ́n ń fún un mu, wọn kì í sè é. Ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ní 1972, ó rí artemisinin fà yọ nínú rẹ̀, òun ni ìpìlẹ̀ oògùn ibà tí wọ́n ń fún wa nílé ìwòsàn lónìí. Nígbà tí mo ka ìtàn yẹn, ìyá àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń pariwo pé kí a tètè sọ ìkòkò kan kalẹ̀, kí a sì jẹ́ kí òmíràn hó títí omi yóò fi dín. Àwọn ará Ṣáínà kọ tiwọn sínú ìwé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún sẹ́yìn. Inú orí ìyá àgbà ni tiwa wà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú èèpo lára igi ló wà lọ́kàn mi jù, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Àbúrò ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ ọdẹ, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè é. Òun ló máa ń mú wa lọ sígbó bí èèpo bá tán lórí àjà. A ó rìn kọjá oko ẹ̀gẹ́, kọjá oko kòkó, kí a tó wọ inú ẹgàn, níbi tí ilẹ̀ ti tutù tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Abẹ́ àwọn igi ńláńlá yẹn ni awọ́pa fẹ́ràn láti máa hù. Bí a bá dé ìdí rẹ̀, Bàbá Ọdẹ kò ní yọ àdá lójú kan náà. Á gbé ọwọ́ lé igi náà, á kí i, á sọ orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ kò dá fún un, àti orúkọ ìyá ẹni náà. Á wá wo ibi tí oòrùn ti ń yọ. Apá ibẹ̀ ni yóò ti fi ẹnu àdá bó èèpo tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Á yí lọ sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀, á bó òmíràn tó ṣe déédéé ti àkọ́kọ́. Ó tán. Bí àwọn ará ilé mẹ́ta bá tilẹ̀ ń retí èèpo, ìdí igi mìíràn la ó lọ. Kí a tó kúrò níbẹ̀, á bu ẹrẹ̀, á fi rẹ́ ojú ibi tó bó.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò bó o yíká, kí ẹrù wa lè tètè kún.

Ó ní, "Àìsàn ń bá ènìyàn jí, ó sì ń bá a sùn. Oògùn náà gbọ́dọ̀ mọ àárọ̀, kí ó mọ alẹ́."

Ìdáhùn yẹn tó mi nígbà náà. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ girama ni olùkọ́ wa kan ya àwòrán ìtí igi sójú pátákó, ó ní inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Ó ní bí ènìyàn bá bó èèpo igi yíká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ̀ ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, ebi á pa gbòǹgbò náà kú, igi á sì gbẹ láti òkè dé ilẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì mo ń rántí awọ́pa inú ẹgàn. Igi tí Bàbá Ọdẹ bó lápá méjì máa ń fi èèpo tuntun dí ojú ọgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Mo ti rí igi tí àpá rẹ̀ ti jinná tí wọ́n sì tún ti bó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá àtijọ́, àpá ọwọ́ àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò. Apá kan ìdí igi ni wọ́n máa ń wa, wọn á sì dá yẹ̀ẹ̀pẹ̀ padà. Igi kékeré kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ewé kò ṣeé já lóru, àyàfi tí ọ̀ràn bá le, ìgbà náà ni wọn á kọ́kọ́ ta á jí. Àwọn igbó kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú àdá wọ̀ rárá, igbó òrìṣà. Nílẹ̀ tí wọ́n ti bẹ̀rù òrìṣà Ayélála, kò sí olè tó jẹ́ dán an wò. Lójú mi, igbó wọ̀nyẹn ni ilé irúgbìn wa. Ẹyẹ ń jẹ èso níbẹ̀, ó ń su hóró rẹ̀ sínú oko wa. Atẹ́gùn ń gbé hóró ahùn onírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kiri. Irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo náà ṣì dúró di òní, tí UNESCO fi kọ ọ́ mọ́ ohun-ìní gbogbo ayé ní 2005. Ìbẹ̀rù òrìṣà ló kọ́kọ́ dáàbò bò ó, kí òfin ìjọba tó dé.

Nígbà tó yá, mọ́tò agégẹdú dé. Wọ́n ń wá ìrókò, wọ́n ń wá ọ̀gànwó àti òpèpè, àwọn náà sì jẹ́ igi oògùn. Igi ńlá kan tó bá ṣubú a wó mélòó kan mọ́lẹ̀, oòrùn a wọlé, awọ́pa tó ń gbé abẹ́ ìbòòji a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Oko rọ́bà gbòòrò. Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbin oko ọ̀pẹ ńlá ní agbègbè Òkìtìpupa. Lápá igbó ọba Olúwa, wọ́n ro ẹgàn kúrò, wọ́n fi igi mẹlínà tí wọ́n mú wá láti Éṣíà dípò rẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwopin lè rí igi lò. Bébà náà kò pọ̀ títí di òní. Èmi kò sọ pé kí wọ́n má gbin ọ̀pẹ o. Epo ló rán ọ̀pọ̀ nínú wa lọ sílé ìwé. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́nì kan tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá wa pé, nínú igbó tí a fẹ́ ro yìí, èwo ni ẹ̀yin ń lò?

Inú ilẹ̀ tí wọ́n ro yẹn ni ewé Akíntọ́lá ti gbilẹ̀. Àjèjì ni, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bí àdá bá ṣá wa lẹ́sẹ̀, a ó run ewé rẹ̀, a ó fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dá. Ó wúlò, mo gbà. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ti bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ igi ìbílẹ̀ kì í rí àyè hù.

Ọ̀rọ̀ orín àtà ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Egbò rẹ̀ ni àwọn àgbà ń rún láàárọ̀. Ní yunifásítì Ifẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá ó lè pa kòkòrò ẹnu, nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwo ìwádìí kò ṣú bó ṣe máa ń ṣú. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú àwo ìwádìí, omi egbò yìí lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ kọdọrọ padà sí bó ṣe yẹ kó rí. Sẹ́ẹ̀lì kọdọrọ yẹn ló ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nínú agbolé wa, ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n sọ ní Kòkúmọ́. Bí òtútù bá mú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, a máa ké lóru títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ní àbíkú ni. Kò dàgbà. Egbò tó ń fún àwọn onímọ̀ Ifẹ̀ ní ìrètí wà lórí àjà wa nígbà náà, bàbá rẹ̀ ń fi í rún ẹnu. Èmi kò sọ pé ìbá wò ó sàn, àwo ìwádìí yàtọ̀ sí ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé pé ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà.

Lẹ́yìn náà ni ti oògùn NIPRISAN dé. Ìdílé Àlùfáà Paul Ogunyale ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ní àgbo tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀, NIPRD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: iyèré, kànáfùrù, osùn àti ọkà bàbà. Yàtọ̀ sí kànáfùrù tó ń ti òkè òkun wá, èwo ni ìyá àgbà kò ní nílé nínú wọn? Iyèré wà nínú ọbẹ̀ tí wọ́n ń se fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, osùn ni wọ́n fi ń pa ọmọ lára. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba iṣẹ́ ṣíṣe oògùn náà, wọ́n sì gbé e jáde ní 2006. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè. Àwọn aláìsàn tó ti ń lò ó wá ń wá a káàkiri. Ìdájọ́ mi ni pé oògùn tó bá ti ilẹ̀ wa jáde kò yẹ kí ó ní ìdí kan ṣoṣo, kí ìdí yẹn sì wà ní ìlú ẹlòmíràn.

N kò ní fi apá kejì pamọ́. Ìyá àgbà kì í fọwọ́ kan asofẹ́yẹjẹ, bẹ́ẹ̀ ó hù sí etí oko wa. Àwọn tó ń tọ́jú wèrè ló ń lò ó. Inú egbò rẹ̀ ni reserpine wà, èròjà tí àwọn ará Switzerland fà yọ ní 1952 lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí wọ́n fi tọ́jú wèrè àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn bí kò bá mọ ìwọ̀n. Àwọn àgbà wa mọ̀ pé egbòogi ní ìwọ̀n, wọ́n sì mọ ohun tó kọjá agbára wọn.

Ìwọ̀n yẹn ló ti sọnù. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ilẹ̀ ogógóró, gbogbo ayé ló mọ̀. Àwọn bàbá wa ń rẹ egbò sínú rẹ̀ fún làkúrègbé àti ẹ̀yìn ríro, ife kékeré ni wọ́n sì fi ń mu ún. Ẹni tó pọn ogógóró náà, aládùúgbò ni, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú oníbàárà. Ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, tòsí wa níbẹ̀. Orí a fọ́ wọn, ojú wọn a fọ́, kí ó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti kú. Ó lé ní ènìyàn mẹ́wàá. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Ìwádìí fi hàn pé methanol ló wà nínú ọtí tí wọ́n mu. Inú mi bàjẹ́ púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́, ó sì tún bí mi nínú, nítorí àwọn kan ti ń di ẹ̀bi ru egbò. Májèlé inú ọtí ló pa wọ́n, ẹni tó mu ún kò sì mọ ẹni tó pọn ọ́n mọ́.

Bí mo bá dé ọjà Òkìtìpupa lónìí, ìsọ̀ lẹ́kúlẹ́jà ni mo kọ́kọ́ máa ń yà sí. Awọ́pa ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí èèpo kan tó ká róbótó, tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Ẹni tó bá lóye yóò mọ̀ pé igi tí wọ́n bó irú èèpo bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ ti kú. Mo bi ìyá tó ń tà á pé, "Ìyá, níbo lẹ ti ń rí èyí?"

"Ìhà Ẹdó ni wọ́n ti ń kó o wá, ọmọ mi. Nítòsí ibí, kò sí mọ́."

"Àwọn tó ń kó o wá, ṣé wọ́n ń bó o lápá méjì?"

Ó wò mí. "Owó mọ́tò wọn ńkọ́?"

Mi ò bá a jà. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá sínú igbó tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò ní padà síbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tó máa jẹ́ kí ó dá apá kan sí. Bàbá Ọdẹ mọ̀ pé òun yóò tún padà wá sídìí igi yẹn, àti pé ọmọ òun yóò wá.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ilé ìkó-ewé-sí ti FRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó, ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ewé tí wọ́n sá gbẹ tí wọ́n kọ orúkọ sí lára, ó lé ní 100,000. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo, tẹ orúkọ ewé wa jáde ní Ifẹ̀ ní 1967. Ó dára. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ inú bébà kò ṣeé se fún ọmọ tó ní ibà, orúkọ inú ìwé kò sì ní gbòǹgbò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Àjàgbà nílé àti lẹ́yìn odi, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní oko kòkó, kó gbin awọ́pa sábẹ́ rẹ̀, ìbòòji ló fẹ́. Akòko kò ní wàhálà, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Orógbó máa ń pẹ́ kó tó hù, ẹ má ṣe jẹ́ kó sú yín. Ẹ wá hóró orín àtà àti osùn kí àwọn tó kù tó tán. Mo bẹ ààfin Ahaba, ọba wa, pé kí wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní ta, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa tọ́jú rẹ̀, kí yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa sì rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ṣì mọ ewé, kí wọ́n kọ orúkọ, ìwọ̀n àti bí a ṣe ń sè é sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìdílé tó ni ìmọ̀ náà. Ẹni tí ibà bá mú, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kó lo oògùn tí wọ́n bá fún un. Ìyẹn kò ní kí a má gbin igi. Òjò àkọ́rọ̀ ni àsìkò gbígbìn, ẹ tètè wá irúgbìn sílẹ̀ kí ó tó rọ̀.